Omi Odò Náìlì àti Ìwé Ọdún 1929

Bí a bá dá omi Odò Náìlì tí ń dé Aswan lọ́dọọdún sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 85 nínú rẹ̀ ni ó ń ti orí àwọn òkè Etiópíà ṣàn wá, pàápàá láti inú Ábáì, ẹ̀ka tí àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ ń pè ní Náìlì Aláwọ̀ Aró. Síbẹ̀, nígbà tí a pín omi náà sínú ìwé, a kò rí ìpín Etiópíà níbẹ̀. Òwú ni ó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe àkóso Sudan ń wá òwú fún àwọn ilé ìhunṣọ Lancashire. Ní 1925 ni wọ́n parí ìdídò Sennar, kí a lè fi omi Ábáì bomi rin ilẹ̀ pẹrẹsẹ Gezira. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba Íjíbítì ṣáájú ìgbà náà, kò sì bẹ̀rù lásán. Nígbà tí a pa Sir Lee Stack, Gómìnà Àgbà Sudan, ní Cairo ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1924, Lord Allenby kọ̀wé sí ìjọba Íjíbítì pé kò ní sí òdiwọ̀n mọ́ fún ilẹ̀ tí a óò bomi rin ní Gezira. Wọ́n padà jẹ́ kí ìhàlẹ̀ náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ sí kò lè gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ọkàn Íjíbítì lè balẹ̀ ni a ṣe kọ ìwé ọjọ́ 7 oṣù Méè 1929. Nípa rẹ̀, ìpín Íjíbítì di bílíọ̀nù 48 mítà kúbíìkì lọ́dún, ti Sudan sì jẹ́ bílíọ̀nù 4. Láìsí àṣẹ Íjíbítì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tí yóò dín omi náà kù ní ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe de Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Tanganyika lọ́wọ́ láìbi wọ́n léèrè. Ní 1959, Íjíbítì àti Sudan tún bílíọ̀nù 84 pín láàárín ara wọn: 55.5 fún Íjíbítì, 18.5 fún Sudan, 10 fún èyí tí oòrùn yóò fà gbẹ. Oòrùn rí ìpín gbà. Etiópíà kò rí.

Nínú Ùgáńdà, Kẹ́ńyà àti Tanganyika, Tanganyika ni ó kọ́kọ́ kọ̀. Ní 1962, ó kéde pé ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì kọ kò lè de ilẹ̀ tí ó ti gba òmìnira.

Kò yẹ kí a fi Íjíbítì ṣe ọ̀daràn nínú ìtàn yìí, nítorí kò ní odò mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ní Etiópíà wà nínú òkùnkùn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìdídò ńlá lórí Ábáì ní oṣù Épírì 2011. Báńkì Àgbáyé kò yá wọn lówó fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń yọ lára owó oṣù wọn láti ra ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2025 ni a ṣí i, láìtíì sí àdéhùn láàárín Etiópíà, Sudan àti Íjíbítì lórí iye omi tí yóò máa kọjá ní ọdún ọ̀dá.