Ọ̀bẹ Alágbẹ̀dẹ àti Ọ̀bẹ Àpò Òkèèrè ní Oníkan: Àgbéyẹ̀wò Mímú àti Dídógùn-ún Wọn

Èrò kan wọ́pọ̀ nípa ìtàn ọrọ̀ ajé Yorùbá, òun ni pé ọ̀bẹ òyìnbó borí ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ nítorí pé tòyìnbó kì í dógùn-ún. Oníkan ní Erékùṣù Èkó jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti yẹ èrò yìí wò. Ọ̀sà kò jìnnà sí i. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun àti ọ̀rinrin sì ń mú kí irin tètè dógùn-ún níbẹ̀ ju bí yóò ti rí ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin lọ. Ibẹ̀ náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Kenneth Murray dá sílẹ̀ wà láti 1957, níbi tí ẹni tí ń tọ́jú ohun onírin kò ti lè fojú kéré ọ̀rinrin.

Ọjọ́ àti ọdún ni ó kọ́kọ́ tako èrò náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, irin Yúróòpù sì ti ń wọlé ṣáájú ìgbà náà. Ní 1913 ni Harry Brearley ní Sheffield tó po irin mọ́ kúrómíọ̀mù débi tí a fi rí sítíìlì tí kì í tètè dógùn-ún, tí ó sì ṣeé fi rọ ọ̀bẹ. Fún ọdún 52 tí ó wà láàrin méjèèjì, ọ̀bẹ òkèèrè tí ó gúnlẹ̀ sí Èkó ń dógùn-ún bí tọmọ Ògún. Iyọ̀ kò mọ òyìnbó. Orúkọ ara ọ̀bẹ pàápàá kò ṣeé gbára lé: àwọn oníṣẹ́ Sheffield fẹ̀sùn kan Solingen ní Jámánì pé wọ́n ń lu orúkọ Sheffield mọ́ ọ̀bẹ tiwọn, ẹ̀sùn yìí sì wà lára ohun tí ó bí òfin àmì ọjà ti 1887 ní Ìlú Ọba.

Kí ni ó wá gbé irin òkèèrè ga? Owó ni. Ẹni tí yóò yọ irin láti inú òkúta níláti gé igi, kí ó sun èédú, kí ó sì dúró ti iná ìléru tọ̀sán tòru, nígbà tí irin Yúróòpù ń wọlé ní ọ̀pọ̀ yanturu. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò tètè kú. Ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, tẹ ìròyìn jáde nípa ilé ìyọrin kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ mìíràn ń ra irin òkèèrè, wọ́n sì ń rọ ọ́ lórí owú. Lẹ́yìn náà ni sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ di ohun èlò wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀, irin òkèèrè ni. Ibi tí a ti pààlà láàrin méjèèjì kò wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́.

Ìyàtọ̀ tí 1913 mú wá hàn lára ọ̀bẹ àpò méjì tí ayé mọ̀ dáadáa. Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Savoie, ilẹ̀ Faransé, ní 1890. Oríṣi kan nínú rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù bíi 0.9%: ó rọrùn láti pọ́n, ó sì ń mú gan-an, ṣùgbọ́n bí a bá fi gé ọsàn tí a kò nù ún, yóò dúdú. Oríṣi kejì ní kúrómíọ̀mù bíi 13.5%. Victorinox ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Switzerland ní 1884 lọ́wọ́ Karl Elsener. Victoria ni orúkọ ìyá rẹ̀, 1921 sì ni wọ́n fi “inox” kún un, èyí tí àwọn ará Faransé fi ń pe sítíìlì tí kì í dógùn-ún. Àmì ilé-iṣẹ́ ti di ẹ̀rí ohun tí ó wà nínú irin, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní 1887.

Ní Oníkan, apẹja tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ yóò jèrè lára kúrómíọ̀mù. Ẹni tí ń bó ọsàn lójúmọ́, tí ó ní àkísà àti epo díẹ̀ nítòsí, kò pàdánù ohunkóhun bí ó bá di ti alágbẹ̀dẹ mú, nítorí òkúta lásán tó láti pọ́n ọn. Sítíìlì pàápàá kò bọ́ pátápátá: omi iyọ̀ tí ó bá há sí oríkèé ọ̀bẹ àpò lè dá ihò wínníwínní sí i lára. Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ kò ní oríkèé. Ìrù rẹ̀ tí a fi iná gún wọ inú igi èèkù ni omi ń sápamọ́ sí.