Ìjà Dọ́là 3: Bí Òfin Awò Ojú Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Àbúrò mi kan ló fa ìtàn tòní.

Ọmọ àǹtí mi ni, Houston ní Texas ló ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ṣẹ́ optometry, ìyẹn iṣẹ́ yíyẹ ojú wò àti kíkọ awò fún èèyàn. Ó ti yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe jákèjádò Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù: ti òfin ìpínlẹ̀ Texas. Bí kò bá yege níbẹ̀, kò sí láísẹ́ǹsì. Bí kò bá sí láísẹ́ǹsì, kò gbọdọ̀ yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò.

Ló bá fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó wà nínú ojú èèyàn tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin yìí, bí mo bá ti ṣí i, oorun ni. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ gbà mí o.”

Mo ní kò burú. Mo lọ wádìí. Ohun tí mo bá níbẹ̀, ìjà ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí New York, ní nǹkan bí ọdún 1890. Nígbà yẹn, òfin kankan kò sọ ẹni tó lè wọn ojú èèyàn fún awò. Àwọn tó ń ta góòlù ń ta awò. Àwọn alárìnkiri ń gbé e kiri bí àwọn tó ń ta jígí fún wa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. O gbé e sójú, o wò yíká, o sanwó. Bí orí bá ń fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ọlọ́jà ti lọ.

Charles Prentice kì í ṣe irú wọn. Bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣe awò. Òun fúnra rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní Jámánì, ó sì mọ ìṣirò lẹ́ńsì débi pé ó kọ̀wé lé e lórí. Bí oníbàárà bá wá, Prentice á yẹ ojú rẹ̀ wò, á gba dọ́là 3 fún àyẹ̀wò náà, lọ́tọ̀ sí owó awò.

Dọ́là 3 yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Gbajúmọ̀ dókítà ojú kan, Henry Noyes, kọ̀wé sí i pé owó àyẹ̀wò kì í ṣe tirẹ̀ láti gbà. Dókítà mìíràn, St. John Roosa, sọ fún un pé ó ń rú òfin. Lójú tiwọn, kó ta ọjà rẹ̀ kó gbowó ọjà. Owó ìmọ̀, ti dókítà ni.

Prentice kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ òfin ni, káwọn náà ní òfin tiwọn. Ní 1896, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n gbé àbá òfin lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin New York. Àwọn dókítà dìde sí i, àbá náà sì ṣubú. Minnesota ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ní 1901. New York kò ṣe tirẹ̀ títí di 1908. Nígbà tó fi máa di 1924, kò sí ìpínlẹ̀ tí kò ní.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀? Ní 1889, nínú ẹjọ́ Dent àti West Virginia, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpínlẹ̀ lágbára láti dán oníṣègùn wò kó tó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí òfin fi yàtọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Oklahoma ti gbà láti 1998 kí optometrist fi laser ṣe àwọn iṣẹ́ kan lójú. Texas, tí wọ́n jọ pààlà, kò gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìtàn àwọn ẹni rere nìkan ni. Nígbà tó yá, Oklahoma ṣòfin pé àwọn tó ń fi lẹ́ńsì sínú férémù kò gbọdọ̀ ṣe lẹ́ńsì tuntun láìsí ìwé láti ọwọ́ optometrist tàbí dókítà ojú. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1955. Ilé ẹjọ́ ní òfin náà lè máa fi nǹkan ṣòfò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin nìyẹn. Àwọn tí wọ́n tì síta lánàá ni òfin wá ń dáàbò bò, tó sì ń ti ẹlòmíràn síta.

Mo wá pe àbúrò mi. Mo ní kó ka ibi tí òfin Texas ti sọ pé ilé ìtajà awò kò gbọdọ̀ máa darí optometrist, kódà lórí wákàtí tó ń ṣiṣẹ́. Ó kà á. Mo ní, “Dọ́là 3 Prentice nìyẹn. Ìmọ̀ lọ́tọ̀, ọjà lọ́tọ̀. Ilé ìtajà awò kò gbọdọ̀ máa darí ẹni tó máa pinnu pé o nílò awò.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Háà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èyí ò ní kúrò lórí mi mọ́.”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóìsì nóòtì mìíràn dé: “Ẹ̀gbọ́n, mo yege o! Wọn ò tiẹ̀ bi mí nípa Prentice yín rárá.” Mo ní kó yọ dọ́là 3 nínú owó oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, kó fi ra nǹkan mímu, kó fi rántí bàbá náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ńkọ́? Láti 1989 ni Nàìjíríà ti ní òfin tirẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá lọ yẹ ojú wò, ẹ bèèrè láísẹ́ǹsì. Ìjà ni wọ́n jà kó tó wà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.