Kí Òṣèré Tó Gorí Ìtàgé: Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Ń Kọ́ Ohùn àti Ẹsẹ̀

 

Láyé òde òní, ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré tí orin àti ijó pa pọ̀ nínú rẹ̀ á lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Wọn á kọ́ ọ bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń gbé ohùn jáde láìha ọ̀fun, bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń rìn lójú àwọn òǹwòran. Owó ńlá ni wọ́n ń san fún un ní Paris àti London. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kétu ní tirẹ̀, Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀, ó sì ti pẹ́.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní Kétu ló ti ṣẹ̀, àwọn kan ní Ìlobì ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà máa bá ìyẹn lọ. Ohun tí a fẹ́ wò ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Òru ni Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Tètèdé ló ń ṣáájú, òun ló ń pe Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ síta. Ẹ wo ẹrù tí ọkùnrin yìí gbé: igi gbígbẹ́ lórí, aṣọ lọ́kan-ò-jọ̀kan lára, aṣọ lójú pẹ̀lú. Ó ní láti júbà àwọn Ìyá, kí ó súre fún ìlú, kí ó bá oníwà ìbàjẹ́ wí, kí ó sì pa èrò lẹ́rìn-ín, títí ilẹ̀ yóò fi máa mọ́. Kò sí gbohùngbohùn láyé ọjọ́un. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí bó bá jẹ́ orin nìkan ló gbọ́, ìbáwí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń bá wí, ìre náà kò sì rí ẹni ṣe àmín sí i. Ẹni tó bá fi ariwo ṣe é, ohùn rẹ̀ á ti ha kó tó di ààjìn. Kí ohùn la aṣọ kọjá láìfi agbára jà, iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yìn ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọdé á wà láàárín àwọn elégbè, á máa gbe orin, á sì mọ ibi tí a ti ń mí àti ibi tí a kò gbọdọ̀ mí. Bí o bá gé ọ̀rọ̀ Yorùbá síbi tí kò yẹ, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí nìyẹn. Orin kò sì gbọdọ̀ tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: òkè gbọ́dọ̀ dún lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn akọrin a máa jẹ orógbó kí ọ̀fun lè là, ṣùgbọ́n orógbó kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni lórin.

Ọ̀sán ni ti ijó. Ibí ni ọgbọ́n wà jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ohun tí agbára wọn ká, lẹ́yìn wọn ni àwọn tó dàgbà díẹ̀, títí yóò fi kan àwọn ọ̀gá. Ojú gbogbo ìlú ni ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́. Bó bá ṣe dáadáa wọ́n á hó yèè, bó bá ṣì í, kò sí ibi tó máa sá sí.

Ìyáàlù kì í dún lásán. Gbólóhùn ló ń sọ, Yorùbá pọ́ńbélé: òwe, oríkì, ìkìlọ̀, àwàdà. Oníjó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ sọ ohun kan náà, kí ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ìlù dọ́gba, kí òun àti onílù sì jọ parí gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń dúró de ìlù kó tó gbẹ́sẹ̀, ó ti pẹ́. Ó ní láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ìlù tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ń ṣáájú ẹsẹ̀: ọmọ á kọ́kọ́ fi ẹnu pe ohun tí ìlù ń wí, kó tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, eékún tẹ̀, ẹ̀yìn tẹ̀ síwájú, ọrùn ń gbé igi láìjẹ́ kó já bọ́. Méjì méjì ni wọ́n sì sábà máa ń jó bí ìbejì, kí ẹsẹ̀ mẹ́rin dún bíi méjì.

Nígbà tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ. Lẹ́yìn tí Faransé borí Béhanzin ni àwọn tó kù tó rí àyè padà wá tún ìlú ṣe. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ijó yìí sí. Inú ara àwọn tó padà bọ̀ ló wà, inú ara wọn ni àwọn ọmọ sì ti rí i kọ́.

Ọ̀yọ́ wá ńkọ́? Eégún aláré ni tiwọn, tí a tún ń pè ní Alárìnjó. Ní 1826, Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀ Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì ṣeré fún wọn níwájú Aláàfin. Clapperton kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: àwọn tó ń jó nínú àpò, erè ńlá tó yọ jáde, àti òyìnbó kan tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. (Àlejò ni wọ́n o, síbẹ̀ wọn kò bọ́ lọ́wọ́ aláwàdà.) Ẹni tí kò bá kọ́ ara rẹ̀ láti kékeré kò lè ṣe irú eré yẹn nínú agọ̀. Ilé ni àwọn ọmọ ọ̀jẹ̀ ti ń kọ́ iwì, ijó àti ọ̀kìtì.

Ibẹ̀ ni Hubert Ogunde, tí wọ́n bí ní Ọ̀sọ̀sà ní 1916, ti rí eré. Ó bá àwọn Alárìnjó rìn ní kékeré. Ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ kan ní Glover Hall l'Ékòó ní 1944. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1947 ó lọ sí London, ó sì kọ́ ijó òyìnbó níbẹ̀. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kọ́ṣẹ́, ti agbo ilé ni: àwọn ìyàwó rẹ̀ ni òṣèré, àárín orin ni àwọn ọmọ ti ń dàgbà. Duro Ladipo ní Òṣogbo tẹ̀lé e. Eré rẹ̀, Ọba Kò So, jáde ní 1963, ó sì dé Berlin ní 1964, níwájú àwọn ará Jámánì tí kò gbọ́ Yorùbá.

Nílé wa níbí, ẹ wo Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Ouidah ní 1960. Ìyá rẹ̀, Yvonne, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ló ní ẹgbẹ́ eré. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Angélique nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jó. Ilé ẹ̀kọ́ orin ní Paris wá lẹ́yìn.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò; ní 2008 ó wọ inú àkọsílẹ̀ ńlá wọn. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà wá lẹ́rù kì í ṣe igi gbígbẹ́ tàbí aṣọ, nítorí a ṣì lè fi owó ra ìyẹn. Ọmọ tó ń sọ Faransé nílé àti nílé ìwé lè gbọ́ ìró ìyáàlù dáadáa, kó má gbọ́ ohun tó wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀lé ìlù títí, kò ní bá a parí gbólóhùn láé.

A wá ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹni tó bá mọ gbólóhùn tí ìyáàlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń sọ ní ìlú rẹ̀, kó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ bóyá ó ṣeé sọ níta. Bí wọ́n bá ní ó ṣeé sọ, kó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kó fi orúkọ ìlú sí i, kó sì fi ẹnu pè é fún ọmọ kan nílé. Àwa ará Kétu á bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin là ń wò o.