Ariwo tó ń wá tó ń lọ nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀

Bí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ àtijọ́ rí, irú Peugeot 404 tó ń kó èrò àti iṣu láti Kétu lọ sí Pobẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ariwo kan. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà títẹ́jú, ẹ kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti ga, ẹrù wúwo lórí rẹ̀, awakọ̀ sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo. Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí dún: ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí ìgbà tí ọmọdé kó ìṣó sínú agolo tó ń mì ín. Ọkọ̀ gun òkè náà tán, ariwo dákẹ́. Ẹ rò pé ó ti tán. Ó di orí òkè mìíràn, ó tún dé.

Irú ariwo bẹ́ẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀. Awakọ̀ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ dúró sójú kan, kò ru ẹrù, kò gun òkè, kò sì dún. Mẹkáníìkì ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Awakọ̀ ní òun kò purọ́. Àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́.

Ìtàn tí a fẹ́ kà lónìí ni bí wọ́n ṣe wá ìdí ariwo yìí rí, àti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ìtàn oògùn tí wọ́n fi wò ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí oògùn náà burú ju àrùn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ẹ́ńjìnì. Ẹ rò ó bí odó àti ọmọ odó. Ihò irin kan wà tó dà bí odó. Irin mìíràn wà nínú rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ọmọ odó. Òun ni wọ́n ń pè ní písítọ́ọ̀nù. Ẹ̀sáńsì àti afẹ́fẹ́ á wọ inú odó yìí, ọmọ odó á fún wọn pọ̀ mọ́ra. Nígbà náà ni bújì á ta iná. Epo á jó, agbára iná á ti ọmọ odó padà, ọkọ̀ á sì rìn.

Ó yẹ kí iná yẹn jó bí a ṣe ń sun oko. A ti iná bọ ìkángun kan, ó sì ń jó lọ títí ó fi dé ìkángun kejì. Nínú ẹ́ńjìnì, ó yára púpọ̀ ju ti oko lọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ ní ìtẹ̀léra. Bí ooru àti ìfúnpọ̀ bá wá pọ̀ ju ohun tí epo lè fara dà lọ ńkọ́? Ìkángun kejì á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Epo tó kù á bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbúgbàù yẹn ń lu irin bí òòlù, òun sì ni ẹ ń gbọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá lórí òkè, tó sì ń lọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, ó lè dá ihò sí orí písítọ́ọ̀nù.

Ohun tí a mọ̀ lónìí nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Dayton, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Charles Kettering. Òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì jí ẹ́ńjìnì, tí ilé iṣẹ́ Cadillac fi sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912. Kí ìyẹn tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ọ̀pá irin. Ọ̀pá náà a máa ta padà, a sì máa ṣẹ́ ènìyàn lápá. Kettering gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ apá là. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ náà ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí òkè. Kíá ni àwọn kan ti ní iná bátìrì rẹ̀ ló fà á: wọ́n ní kì í ta lásìkò. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá sọnù ní abúlé, àlejò tó dé lánàá ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò lójú.

Ní 1916, Kettering àti àwọn tirẹ̀ mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde fún àwọn àgbẹ̀, tó lè tan iná sínú ilé. Ẹ má rò pé gbogbo oko Amẹ́ríkà ló ní iná mànàmáná nígbà náà. Àtùpà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tàn, bíi tiwa. Nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù àtifi ẹ̀sáńsì pamọ́ sílé, epo àtùpà ni ẹ̀rọ náà ń jó. Ó sì ń dún burúkú.

Ní ọdún kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá Kettering ṣiṣẹ́. Thomas Midgley ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 27. Kettering ní kí ó wá ìdí ariwo náà. Midgley kò jókòó máa jiyàn. Ó wá bí yóò ṣe fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó so ohun èlò kan mọ́ ọn tó ń wọn agbára ìfúnpọ̀. Ó sì fi agolo tòmátì ṣe ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán rẹ̀, bí ó ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, agolo tòmátì, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń wọn gàrí.

Àwòrán náà dá ẹjọ́. Ká ní iná bátìrì ló jẹ̀bi, tó ń ta ṣáájú àsìkò, agbára náà ìbá ti ga kí písítọ́ọ̀nù tó dé òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ta lásìkò, epo bẹ̀rẹ̀ sí jó, lẹ́yìn náà ni agbára fò sókè lójijì. Epo fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi. Epo àtùpà kò lè fara da ìfúnpọ̀ tó ẹ̀sáńsì, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀sáńsì tí kò dára kò lè fara dà á tó èyí tó dára.

Wọ́n wá ń wá ohun tí wọ́n lè pò mọ́ epo kí ó lè ní sùúrù. Ibi tí wọ́n gbà bẹ̀rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwọ̀ pupa ń gba ooru, nítorí náà wọ́n fẹ́ pa epo láró pupa. Kò sí aró nílé. Midgley rí iyọ́ọ̀dì, oògùn pípọ́n tí nọ́ọ̀sì ń fi nu ojú egbò, ó sì dà á sí i. Ariwo dínkù! Wọ́n wá aró pupa tòótọ́ wá, wọ́n dà á sí i. Ariwo kò dínkù rárá. Àwọ̀ kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Iyọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀ ni. Èrò wọn kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó mú wọn dé ọ̀nà.

Iyọ́ọ̀dì wọ́n, ó sì ń jẹ irin. Wọ́n dán ohun púpọ̀ wò lẹ́yìn náà. Òmíràn ń rùn bí ááyù, òórùn rẹ̀ sì ń wọ ara àti aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ bá mi káàánú àwọn ìyàwó wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1921, wọ́n dán àpòpọ̀ kan tó ní òjé nínú wò. Bíńtín ni wọ́n fi sí i, ariwo sì pa rẹ́.

Ẹ mọ òjé: irin rírọ̀ tó wúwo, tí àwọn apẹja Àjàṣẹ́ ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Tipẹ́tipẹ́ ni a ti mọ̀ pé májèlé ni fún ẹni tó bá wọ inú ara rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn sì wà. Kettering àti Midgley mọ̀ pé ọtí líle, irú ohun tó wà nínú sódábì, ń pa ariwo náà bí a bá pò ó mọ́ ẹ̀sáńsì. Midgley fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ tó ń mu irú epo bẹ́ẹ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da sódábì sínú ọkọ̀ yín. Omi wà nínú rẹ̀.) Kí ló dé tí wọ́n fi mú òjé? Òjé díẹ̀ tó, owó rẹ̀ sì kéré. Ohun mìíràn ni pé wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, kí ẹlòmíràn má lè ṣe é. Ta ló lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ọtí, tí gbogbo àgbẹ̀ lè pọn? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Dayton ní oṣù Kejì 1923. Ethyl ni wọ́n sọ ọ́. Wọn kò fi òjé sínú orúkọ náà.

Ní oṣù Kẹwàá 1924, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń po oògùn yìí ní Bayway, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bí wèrè. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rí ohun tí kò sí, ó di dídè mọ́lẹ̀. Márùn-ún kú. Àwọn tó lé ní 30 wọ ilé ìwòsàn. Ní ilé iṣẹ́ mìíràn ní Deepwater, àwọn òṣìṣẹ́ a máa na ọwọ́ mú kòkòrò tí ẹlòmíràn kò rí lójú afẹ́fẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ ibẹ̀ ní Ilé Labalábá. Midgley pe àwọn akọ̀ròyìn ní òpin oṣù náà. Ó da oògùn náà sí ọwọ́ rẹ̀, ó fi ṣan ọwọ́, ó sì ń fín in símú níṣojú wọn, láti fi hàn pé kò léwu. Bẹ́ẹ̀ ni òjé ti kó àìsàn bá òun fúnra rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, tó fi ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi.

Dókítà obìnrin kan, Alice Hamilton, tó mọ̀ nípa àìsàn òjé ju ọ̀pọ̀ lọ, kìlọ̀ fún wọn ní ìpàdé 1925. Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ní 1926 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká ayé, tó fi dé Kútọnu àti Lomé. Bí ẹ bá ti ra ẹ̀sáńsì ní àwọn ọdún 1970 tàbí 1980, òjé wà nínú rẹ̀. Ó ń gba ìdí ọkọ̀ jáde pẹ̀lú èéfín, ó ń bà lé erùpẹ̀ etí ọ̀nà níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Ní 1965, Clair Patterson fi hàn pé òjé tó wà lára ènìyàn ìgbà yẹn pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 1979, Herbert Needleman wọn òjé nínú eyín àwọn ọmọdé tó ti ká. Àwọn ọmọ tí òjé pọ̀ ní eyín wọn kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò ọgbọ́n tó àwọn yòókù. Ní oṣù Kẹfà 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ìhà gúúsù Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n pinnu láti fi epo olójé sílẹ̀. Nígbà tí 2006 fi máa wọlé, wọ́n ti ṣe é. Algeria ló dáwọ́ dúró kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní 2021.

Àwọn tó ń fọ epo ti mọ ọ̀nà mìíràn báyìí láti fún ẹ̀sáńsì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá da epo àtùpà lu ẹ̀sáńsì kó tó rọ ọ́ sínú ìgò fún títà, ẹ́ńjìnì yín á tún dún bí ẹ̀rọ àwọn àgbẹ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí òkè nìkan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ibi tí ẹ ti ra epo. Ẹ ra òmíràn níbòmíràn, kí ẹ tún gun òkè náà. Bí ó bá ṣì ń dún, ó lè jẹ́ pé bújì ń ta iná ṣáájú àkókò lóòótọ́, kí mẹkáníìkì tún un ṣe.

Gbogbo ariwo kọ́ ni ti epo o. Èyí tó ń dún tẹ́tẹ́tẹ́ ní òwúrọ̀, tó sì ń dákẹ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ẹ wò ó bóyá òróró ẹ́ńjìnì ti lọ sílẹ̀. Ìró nínípọn, gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n, láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ló burú jù: ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mẹkáníìkì á yọ wáyà bújì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ tí ìró náà dínkù, ibẹ̀ ni irin ti jẹ. Nígbà mìíràn, irin ìdí ọkọ̀ kan lásán ló tú.

Èyí tó ń wá tó ń lọ yìí, ẹ má gbé ọkọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ máa bá mẹkáníìkì jiyàn. Ẹ di ẹrù sí i, ẹ gbé mẹkáníìkì jókòó síwájú, kí ẹ jọ gun òkè náà.