Láti Owó Ẹyọ Mẹ́fà dé Fíláàṣì: Fóònù Alágbèéká àti Ọ̀rọ̀ Ìdílé ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Ta ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ìdílé? Ibo sì ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ ọ tán?

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó jìnnà. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a ránṣẹ́ sí, nítorí pé "ẹ̀fà" àti "fà" bá ara wọn dọ́gba létí. C. A. Gollmer, míṣọ́nnárì CMS tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí irú àrokò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1885. Bí kò bá sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ìmọ̀ náà ì bá ti bá àwọn àgbà lọ.

Lẹ́tà ni ó tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá ni ó mọ̀wé kà. Ọmọ ilé-ìwé ni yóò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yóò ka lẹ́tà tí ó ti Èkó wá, gbogbo ará ilé yóò sì gbọ́. (Ọmọ náà a máa mọ àṣírí ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a ti í gbé ọ̀rọ̀ líle kalẹ̀ níwájú àgbà.) Gbogbo ilé náà ni asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí rédíò onífáyà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1935, ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ₦50 ni owó ìpè fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá yóò san owó ìṣẹ́jú gbáko, títí Globacom fi dé ní ọdún 2003 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú-àáyá ka owó. Àwọn ọ̀dọ́ ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní Kútọ̀ àti Lafẹ́nwá. Fóònù kan ṣoṣo ni agbo ilé tiwa ní. Ọmọdé ni í sáré gbé e lọ bá ẹni tí wọ́n ń pè.

Ọ̀wọ́n gógó yìí ni ó bí fíláàṣì. Ní ilé wa, fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí "ẹ pè mí". Ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé arìnrìn-àjò ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Ilé kejì ní ìlànà tirẹ̀. Ní èrò tiwa, àrokò gan-an ni èyí: iye ni ó ń sọ̀rọ̀, àdéhùn ìdílé ni ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Nígbà tí fóònù di ti olúkúlùkù, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí ń kàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kò ní pe gbogbo rẹ̀ ní àdánù. Láti ọdún 2013 tí WhatsApp ti gba ohùn láyè, ìyá tí kò mọ̀wé lè fi ẹnu ara rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ ní London wí, láìsí alágbàkà láàárín. Ṣùgbọ́n kò sí Gollmer kankan fún fíláàṣì agbo ilé tiwa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ láti agbo ilé tirẹ̀, kí ó bi àwọn tí ó lo fóònù láàárín ọdún 2001 sí 2005 ní iye fíláàṣì àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ.

Àpótí páànù ìyá wa ṣì wà ní ilé. Àwọn lẹ́tà tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 ṣeé kà dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò ti jẹ etí wọn. Fóònù àkọ́kọ́ tí ilé ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Inú rẹ̀ ni àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí bàbá wa fi ránṣẹ́ láti orí ibùsùn àìsàn wà. A ti wá ṣájà rẹ̀ títí, a kò rí i.