Ojú Tí Yóò Bá Ayàwòrán Kalẹ́

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tòwúrọ̀ ṣepin. Ọmọ tó mọ ìwà hù láti kékeré, tàbí ọ̀rẹ́ tó fi ìṣòótọ́ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ayàwòrán lè gbà á bí wọ́n ṣe pa á gẹ́lẹ́: lẹ́ńsì ni ojú kámẹ́rà, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dán an wò.

Lọ́sàn-án gangan, kò sí lẹ́ńsì tí kò lè ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú, kí ìyàwó ọ̀ṣìngín máa jó wọ gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí àwọn ẹbí sì ti lé ayàwòrán dé ẹ̀yìn tábìlì. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá lẹ́ńsì zoom 70-200mm tí ihò rẹ̀ ń ṣí dé f/2.8. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àdììtú. Tí a bá fi 2.8 pín 200, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé fẹ̀ tó mílímítà 71. Lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú tí kì í kọjá f/5.6 kò ní ju 36 lọ. Ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, níbi tí f/5.6 ti nílò ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá, tí ọwọ́ ìyàwó á sì dà bí èéfín nínú fọ́tò, f/2.8 á fi ìdá kan nínú 500 mú un, láìfi kún ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ tó. Ẹ̀rọ amúdúró inú lẹ́ńsì kò lè ṣe èyí. Ọwọ́ ayàwòrán tó ń gbọ̀n ló ń wò sàn, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó.

Ní ayẹyẹ Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Èrò ni. Ẹṣin ìdílé Balógun ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀, àtíbàbà àti fóònù sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́. f/2.8 á pa gbogbo ìyẹn rẹ́, ẹlẹ́ṣin nìkan á yọ. Àmọ́ ó ní ibi tó kù sí: láti mítà márùn-ún, ohun tó máa mọ́ kedere ní 200mm kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ojú á mọ́, ẹ̀yìn gèlè kò ní mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìyàwó àti òbí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, kó yáa dín ihò kù dáadáa.

Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí kámẹ́rà mirrorless, irú èyí tí kò ní dígí nínú, kéré, lẹ́ńsì rẹ̀ á kéré. Ihò mílímítà 71 kò ṣeé rẹ́ jẹ. Ọgbọ́n àwọn tó ṣe é ló dín ìwọ̀n kù. Lẹ́ńsì Sony GM ti 2016 wọ̀n tó gíráàmù 1,480. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021 jẹ́ 1,045. Ní 2020, Tamron gé tirẹ̀ sí 70-180mm, kò fi ẹ̀rọ amúdúró sí i, ó sì di gíráàmù 810. Dọ́là 1,199 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Dọ́là 2,699 ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta Canon RF ti 2019. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ òwàḿbẹ̀, tó ń lo Sony, ti Tamron ló bọ́gbọ́n mu. 20mm tó dín kò tó ohun à ń sunkún sí.

Ìpin gan-an wà nínú lẹ́ńsì tòkunbọ̀. Tí ọ̀rinrin bá pẹ́ lára rẹ̀, nǹkan funfun tín-ín-rín máa ń hù sára gíláàsì inú. Kí olùrajà tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kó wò ó láti iwájú. Kó ya ògiri bíríkì ní 200mm àti f/2.8, kó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí inú rẹ̀ bá ń mì nígbà tí kámẹ́rà wà ní pípa, kó má tíì sá: gíláàsì inú àwọn tí mágnẹ́ẹ̀tì ń gbé kì í dúró sójú kan àfi tí iná bá wọ̀ ọ́.

Ohun kan wà tí ọlọ́jà kì í sábà sọ. Teleconverter, gíláàsì tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà, lè sọ 200mm di 280 tàbí 400, ihò á sì dín kù sí f/4 tàbí f/5.6. Canon RF ti 2019 kì í gbà á rárá, bẹ́ẹ̀ ni ti Tamron. Canon tí wọ́n pè ní Z, tó jáde ní 2024, ń gbà á. Kí ẹni tó fẹ́ máa ya bọ́ọ̀lù béèrè èyí kó tó sanwó.