Akẹ́kọ̀ọ́ Ará Amẹ́ríkà Kan ní Ilé-Ifẹ̀, 1937 sí 1938

Bí a bá dárúkọ William Bascom láàárín àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá, ìwé ńlá tó kọ lórí Ifá ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí olúkúlùkù lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀mọ̀wé, kí ó tó di olórí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yunifásítì California ní Berkeley, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni, ọmọ ọdún 25, tó wá ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Ilé-Ifẹ̀, ohun tó kó jọ níbẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ó fi sílẹ̀ tí kò fi sílẹ̀, ni àròkọ yìí dá lé lórí.

Ìlú Princeton ní ìpínlẹ̀ Illinois ni a ti bí Bascom ní 1912. Ẹ̀kọ́ físíìsì ni ó kọ́kọ́ kà ní Yunifásítì Wisconsin kí ó tó yà sí ẹ̀kọ́ nípa ìran ènìyàn àti àṣà wọn. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Yunifásítì Northwestern, lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Melville Herskovits. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni ó ń jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà gbà pé oko ẹrú ti pa gbogbo àṣà ilẹ̀ baba wọn rẹ́; Herskovits kò gbà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Dahomey ní 1931 láti lọ wo orísun. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé àwọn òrìṣà Yorùbá ni wọ́n ń bọ ní Kúbà àti ní Brazil, ó di dandan kí ẹnìkan wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Bascom ni iṣẹ́ náà já lé léjìká, Ilé-Ifẹ̀ ni ó sì wá.

Kò sí ohun tí àlejò fi ń tètè ṣìwà hù nílẹ̀ wa bí ìkíni. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé e kò lè wọ agbo ilé kan ṣoṣo kó má fi ẹnu kọ. Ó dájú pé Bascom fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí gidigidi, nítorí pé ní 1942 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ipò àgbà láàárín àwọn Yorùbá. Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ni a fi ń mọ àgbà nínú agbo ilé. Ìyàwó tí a gbé wọlé lónìí, ọmọ ọdún mẹ́ta tí a ti bí sínú ilé náà ṣáájú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìyàwó tó bá sì wọlé lẹ́yìn tirẹ̀, bó tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ, ìyáálé ni yóò máa pè é. Ọmọ Yorùbá kò ní ka èyí sí ohun tí à ń kọ ìwé lé lórí. Lójú ẹni tó ti Illinois wá, ìmọ̀ tuntun gbáà ni.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ rí. Ní 1951 ó kọ àpilẹ̀kọ méjì, ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, èkejì lórí bí a ṣe ń sè é. Ní 1952 ó kọ òmíràn lórí èésú, bí àwọn ènìyàn ṣe ń dá iye owó kan náà lásìkò kan náà, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ń kó o ní tirẹ̀ títí yóò fi kárí. Ẹ wo bí nǹkan wọ̀nyí ti kéré tó: iyán, àkàrà, owó èésú àwọn obìnrin ọjà. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ ń rí lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tiwa gan-an tó kàwé nígbà náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rò pé èésú ìyá òun tó ohun tí à ń kó sínú ìwé. A gbọ́dọ̀ yọ N. A. Fádípẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta sílẹ̀ o. Ní nǹkan bí àkókò kan náà tí Bascom ń kọ iṣẹ́ oyè rẹ̀, Fádípẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ àjèjì, ó ń kọ tirẹ̀ lórí ètò àwùjọ Yorùbá. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni a tó tẹ iṣẹ́ náà ní ìwé.

Ifá ni iṣẹ́ tí òkìkí Bascom dúró lé. Babaláwo á kó ikin 16 sọ́wọ́, á fi ọwọ́ ọ̀tún gbá wọn mú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sọ́wọ́ òsì, ìlà méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ kí odù tó pé, odù 256 ni ó sì wà. Kò yà wá lẹ́nu pé ẹni tó ti ka físíìsì fara balẹ̀ sí ìṣirò yìí. Ẹsẹ Ifá ló ṣòro. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ onítéèpù kò tíì di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé káàkiri ní 1937. Bí babaláwo bá ń ki Ifá geere, ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ kò lè bá a. Babaláwo ní láti máa dúró, kó tún un sọ, kó tún dúró. Ẹni tó bá ti gba ohùn ẹnu lẹ́nu àgbà rí mọ iye sùúrù tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, àgbà náà ni ó sì ń gba sùúrù lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Ọdún 1969 ni ìwé náà tó jáde, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ Ifá ní èdè Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà náà, ọdún 31 ti kọjá lórí iṣẹ́ tó ṣe ní Ifẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ni Wándé Abímbọ́lá ti gbé apá kìn-ín-ní Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde fún àwa tí a ni èdè. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé Bascom, orúkọ òǹkọ̀wé kan ṣoṣo ni yóò rí níbẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Ohun tí wọ́n hú jáde ni àwọn orí tí a fi idẹ àti bàbà rọ, ojú wọn tòrò bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́, àwọn kan ní ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kí ọdún náà tó parí, iye tí wọ́n rí ti ju 15 lọ. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ààfin. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dé ààfin. Bascom ra méjì, ó sì gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Òmíràn tún bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó oníwèé ìròyìn kan ní Èkó, ó sì dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939.

Bascom kò jalè. Owó ni ó fi rà wọ́n, òfin tó lágbára lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sì tíì sí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni irú orí bẹ́ẹ̀ tí yóò tà á? Bí ó bá ṣe àlejò tó kàn ń kọjá lọ ni, a ì bá ní kò mọ̀. Ẹni tó ń jókòó ti babaláwo, tó ń kọ nípa ìdílé àti àwọn olórìṣà, tó mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ lè jẹ́ ọkọ àgbàlagbà, kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí nǹkan inú ilẹ̀ Ifẹ̀ jẹ́ fún Ifẹ̀. Ìlú náà sì ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1910 ni Leo Frobenius ará Jámánì wá, tó kó àwọn ère amọ̀, tí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì sì gba díẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kọ̀wé nípa àwọn orí náà nínú ìwé ìròyìn Illustrated London News ní 1939, ó fi ẹni tó rọ wọ́n wé Donatello, ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ ọnà Ítálì. Inú ayé dùn. Inú gbogbo ènìyàn nílé kọ́ ni ó dùn. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti ń kọ́ni ní Nàìjíríà láti ìgbà pípẹ́, ń pariwo pé kí ìjọba fi òfin de kíkó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde. Ní 1943 ni wọ́n fi í ṣe alábòójútó wọn. Ní 1950, Bascom dá orí méjèèjì padà. Ní 1954 ni a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀.

Ó tún padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá láàárín 1950 sí 1951, ó ṣe iṣẹ́ dé Ìgànná àti Mẹ̀kọ. Ó kú ní 1981. Orí tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1939 wà níbẹ̀ di òní. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ Bascom wà ní ilé ìkàwé Bancroft ní Berkeley, akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ tó bá sì fẹ́ kà wọ́n níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba físà.